Ṣọ́tèèjì tí wọ́n ń pín lé gbogbo òṣìṣẹ́ lórí

Láti Dùgbẹ̀ dé Chálẹ́ńjì, àwọn ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ka ọjà tí kò pé, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣọ́tèèjì, wọn kì í wádìí. Wọ́n á kàn pín owó rẹ̀ lé gbogbo òṣìṣẹ́ lórí. Ẹni tí kò wá síṣẹ́ lọ́jọ́ náà á san, ẹni tó ń gbálẹ̀ á san. Láti ìgbà náà lọ, bí oníbàárà bá béèrè ọjà, àwọn òṣìṣẹ́ á ní kò sí, wọn ò tiẹ̀ ní wo orí àtẹ. "Ṣé ti bàbá mi ni?" Ọ̀gá á ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Irọ́ ni o, ìrẹ́jẹ ló pa wọ́n lọ́kàn.

Lójú tèmi, bí wọ́n ṣe gé owó máa ń dunni ju iye tí wọ́n gé lọ. Ní 1990, Jerald Greenberg, ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí iléeṣẹ́ tó gé owó òṣìṣẹ́ ní 15% fún ọ̀sẹ̀ 10. Níbi tí ọ̀gá ti jókòó ṣàlàyé, tó sì jẹ́ kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀, olè jíjà kò pọ̀ tó ti ibi tí wọ́n ti kàn kéde rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti kàn kéde yìí náà ni àwọn tó fiṣẹ́ sílẹ̀ ti pọ̀ jù.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, tó wà fún òṣìṣẹ́ tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé, kò fàyè gba owó ìtanràn. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣòfò, tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ fà á, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ aṣojú ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Àròpọ̀ ohun tí wọ́n yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ. Ẹ fi ìwé owó oṣù pa mọ́, ẹ béèrè ní sẹkitéríàtì ìjọba àpapọ̀ ní Ìkọ́làbà, Ìbàdàn.

Bó bá di dandan kí ẹ fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ má fi ìbínú jáde, torí wọ́n lè fi àìsí nótíìsì di owó yín mú. Tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ kò bá dá iye kan, nótíìsì ọjọ́ 1 ni fún ẹni tí kò tíì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ju oṣù 3 lọ, ọ̀sẹ̀ 1 títí dé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 títí di ọdún 5, lẹ́yìn ìyẹn oṣù 1. Láti ọ̀sẹ̀ kan lọ sókè, kíkọ ni. Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n buwọ́ lu tiyín, kí wọ́n sì kọ déètì sí i.

Ẹ yẹ pẹ́ńṣọ̀n wò kí ẹ tó fi lẹ́tà sílẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ fi 10% kún 8% tiyín, kó sì san án láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn owó oṣù. Àwọn kan ń yọ ọ́, wọn kì í san án. Ẹ ní kí àwọn tó ń tọ́jú owó pẹ́ńṣọ̀n yín tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún yín, kí ẹ sì fi wé ìwé owó oṣù yín, oṣù kan sí ìkejì.