Windows ò mọ orúkọ yín, nọ́ńbà ló mọ̀

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí, tí mo bá ní kí n jókòó tì í iṣẹ́ á tún dé. Ọ̀rẹ́ mi kan ló pè mí láàárọ̀ yìí pé òun yọ kọ̀ǹpútà ọ̀gá òun kúrò nínú dóméènì àtijọ́ (dóméènì ni ibi tí iléeṣẹ́ ń kó orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù òṣìṣẹ́ àti kọ̀ǹpútà wọn jọ sí), òun so ó mọ́ tuntun, ni gbogbo nǹkan tó wà lójú désítọ́ọ̀pù bá pòórá. Ẹ̀rín pa mí. Kì í ṣe pé mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, ohun tó ṣe èmi náà nìyẹn.

Nígbà tèmi, iléeṣẹ́ méjì ló dà pọ̀, wọ́n wá fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì pé kí n kó gbogbo kọ̀ǹpútà tiwa sínú dóméènì tuntun. Mo ní kí ló wà níbẹ̀, ṣebí kí n yọ ọ́, kí n so ó mọ́ tuntun, kí n pa á kí n tún un tàn, ó parí. Ti Mọ́mì tó wà ní akáǹtì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mọ́mì wọlé pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù tuntun, ojú kọ̀ǹpútà ṣófo bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, kò sí fọ́tò àwọn ọmọ wọn, kò sí fáìlì owó oṣù, Outlook ń bi wọ́n pé kí ni ìmélì wọn. Wọ́n kàn yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹrù mi dà?"

Ẹrù ò lọ síbì kankan. Inú C:\Users ni gbogbo ẹ̀ ṣì wà, nínú fódà tó ń jẹ́ orúkọ Mọ́mì. Windows ló dá fódà míì sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, orúkọ kan náà, ó wá fi dọ́ọ̀tì àti orúkọ dóméènì tuntun sí i nídìí.

Ṣé ẹ rí i, Windows ò fi orúkọ dá èèyàn mọ̀. Nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní SID ló ń lò. Ẹ ṣí command prompt, ojú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí yẹn, ẹ tẹ whoami /user, ẹ máa rí tiyín: tó bá jẹ́ ti dóméènì, S-1-5-21 ló máa fi bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà gígùn mẹ́ta tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti dóméènì fúnra ẹ̀, èyí tó gbẹ̀yìn pátápátá ló jẹ́ tiyín. Torí náà tí orúkọ yín bá tiẹ̀ bára mu ní dóméènì méjèèjì, òfo ni, lójú Windows àjèjì lẹ jẹ́, àjèjì tó kàn ń jẹ́ orúkọ onílé.

Èmi ò tíì mọ èyí lọ́jọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́pì. Désítọ́ọ̀pù, Documents, mo tiẹ̀ kọ́pì AppData, fódà tí àwọn áàpù ń kó nǹkan wọn sí, pẹ̀lú gbogbo pàǹtí inú ẹ̀. Fáìlì dé, àmọ́ sẹ́tíǹgì ò dé, torí inú fáìlì kan tó fara pamọ́ tó ń jẹ́ NTUSER.DAT ni èyí tó pọ̀ jù nínú sẹ́tíǹgì èèyàn wà, òun ni Windows ń ṣí sínú registry, ìyẹn ìwé tó ń kọ sẹ́tíǹgì sí, tí èèyàn bá ti wọlé. Mo ní mo gbọ́n, mo wọlé bí admin, ẹni tó láṣẹ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, mo fi NTUSER.DAT àtijọ́ rọ́pò tuntun. Kọ̀ǹpútà wá gbé Mọ́mì sínú temporary profile, èyí tó jẹ́ pé ohunkóhun tí wọ́n bá fi síbẹ̀ á pa rẹ́ tí wọ́n bá ti jáde. SID àtijọ́ ni wọ́n kọ sínú fáìlì yẹn pé ó láṣẹ láti ṣí i, ẹni tuntun ò sí níbẹ̀.

Ọ̀nà wà tí èèyàn fi lè fọwọ́ ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ẹni tuntun wọlé lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, kí ẹ wọlé bí admin, kí ẹ fún ẹni tuntun láṣẹ lórí fódà àtijọ́ àti lórí ohun tó wà nínú NTUSER.DAT àti ìkejì ẹ̀ tó ń jẹ́ UsrClass.dat, kí ẹ wá lọ sí ProfileList nínú registry, ibi tí Windows kọ fódà oníkálukú sí, kí ẹ yí ProfileImagePath ti SID tuntun sí fódà àtijọ́. Mo ṣe ti ẹni méjì báyẹn, ó lọ dáadáa. Ẹnì kẹta, mo gbàgbé UsrClass.dat, Start menu kọ̀ kò ṣí mọ́, mo sì lo gbogbo ọ̀sán lórí ẹ̀. Ká sòótọ́, tí kọ̀ǹpútà bá ti ju mẹ́ta lọ ẹ má dán an wò.

USMT ló padà gbà mí, irinṣẹ́ Microsoft tó ń kó fáìlì àti sẹ́tíǹgì èèyàn láti ibì kan sí ibòmíì, ọ̀fẹ́ ni, inú àpò irinṣẹ́ wọn tó ń jẹ́ Windows ADK ló wà. Ẹ lo scanstate láti kó ẹrù jọ kí ẹ tó kúrò ní dóméènì àtijọ́, ẹ lo loadstate láti tú u tẹ́ ẹ bá dé tuntun, ẹ wá fi /mu sọ fún un pé lágbájá ti dóméènì àtijọ́ ni tàmẹ̀dù ti tuntun. Tẹ́ ẹ bá fi /hardlink àti /nocompress sí i, kò ní kọ́pì fáìlì ńláńlá rárá, ibi tí wọ́n wà lórí díìsìkì náà ni wọ́n máa wà, ó yá gan-an. Ẹ má gbàgbé MigApp.xml o, fáìlì tó ń sọ fún USMT sẹ́tíǹgì áàpù tó máa kó, láìsí i sẹ́tíǹgì àwọn áàpù ò ní tẹ̀ lé yín. Àwọn kan fẹ́ràn User Profile Wizard ti ForensiT, òun kì í gbé ẹrù rárá, ó kàn máa ń fún ẹni tuntun láṣẹ lórí fódà àtijọ́, mo ti lò ó lẹ́yìn ìgbà náà, kò burú.

Ṣùgbọ́n ibi tó máa ń dùn wọ́n jù ni páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n tọ́jú sínú Chrome. Windows fi kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ẹni àtijọ́ tì í pa, ẹ lè gbé fáìlì ẹ̀ lọ tààrà, kò ní ṣí fún ẹni tuntun. Kí wọ́n sync ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n export ẹ̀ sí CSV kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kí wọ́n sì pa CSV yẹn rẹ́ lẹ́yìn náà, torí gbangba ni gbogbo páásíwọ́ọ̀dù wà níbẹ̀. Fáìlì tí wọ́n bá fi EFS, àgádágodo Windows fún fáìlì, tì, kí wọ́n ṣí i kí ẹ tó kúrò.

Ó ku èyí tó fẹ́ẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo yọ kọ̀ǹpútà kan kúrò ní dóméènì, mo tún un tàn, kò sẹ́ni tó mọ páásíwọ́ọ̀dù local admin, ìyẹn admin tó jẹ́ ti kọ̀ǹpútà náà fúnra ẹ̀, tí kì í ṣe ti dóméènì! Tẹ́ ẹ bá ti kúrò nínú dóméènì, orúkọ dóméènì ò lè wọlé mọ́. Ẹ fi ọwọ́ ara yín wọlé bí local admin kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ má gba "mo mọ̀ ọ́n" lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ẹ sì tọ́jú recovery key ti BitLocker, kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ẹ máa fi ṣí díìsìkì tí Windows bá tì í pa, síbòmíì.

Mọ́mì akáǹtì ni mo fi parí. Mo dá kọ̀ǹpútà wọn padà sí dóméènì àtijọ́, mo tún gbogbo ẹ̀ ṣe pẹ̀lú USMT. Wọ́n wọlé, fọ́tò àwọn ọmọ yọ, fáìlì owó oṣù wà níbi tó wà, Outlook dákẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n tẹ print, ó wá ń bi wọ́n pé ibo ni kí òun tọ́jú PDF sí. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, printer mi ńkọ́?"