Owó màlúù tí gbogbo yín ń bi mí

Ẹ gbà mí o. Látìgbà tí mo ti gbé fọ́tò màlúù sórí status mi ni àwọn ará ilé ti ń dà mí láàmú pé ṣé lóòótọ́ nìjọba Amẹ́ríkà ń pín owó fáwọn òyìnbó tó ń sin màlúù, ṣé wọn ò lè fi èmi náà sí i ni, ẹ̀gbọ́n mi kan tiẹ̀ ní kí n ra màlúù méjì kí n so wọ́n mọ́ ẹ̀yìnkùlé.

Clark County ní Wisconsin ni mò ń gbé, orí mílíìkì layé wọn dúró lé níbí, débi pé wọ́n gbé ère màlúù gàgàrà kan kalẹ̀ ní Neillsville, Chatty Belle lorúkọ ẹ̀, wọ́n sì ṣe é kó máa sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Bàbá tá a jọ múlé gbera ní màlúù 70. (Ó ní kí n máa pe òun lórúkọ, ẹnu mi ò gbà á ṣá.) Òun ló tẹ́ ìwé ẹ̀ sórí tábìlì ìdáná tó ṣàlàyé fún mi.

Dairy Margin Coverage (DMC) ni wọ́n ń pe ètò ìjọba yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2019, kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́, inṣọ́ránsì ni. Bàbá á san 100 dọ́là fún fọ́ọ̀mù, á tún san sẹ́ǹtì 15 lórí mílíìkì 100 pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan. Lóṣooṣù, ìjọba á wo iye tí 100 pọ́n-ùn yẹn ń lọ káàkiri Amẹ́ríkà, wọ́n á yọ owó àgbàdo, sóyà àti koríko gbígbẹ kúrò, tí ohun tó kù ò bá tó 9.50 dọ́là, wọ́n á fi èyí tó dín kún un. Tó bá tó, o ò rí kọ́bọ̀, kì í ṣe èsúsú tó o mọ̀ pé ó máa kàn ẹ́.

July 2023 (oṣù kejì tí wọ́n yọ sọ́bùsídì epo nílé!) mílíìkì já sí 17.40, oúnjẹ màlúù 13.88, ó ku 3.52 péré. Bàbá gba bíi 7,000 dọ́là lóṣù yẹn, mo sì pariwo. Ó kàn wò mí, ó mú báírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́: dókítà màlúù, dísù, iná, gbèsè bánkì lórí tirakítọ̀, kò sí ọ̀kan tí ìṣirò ìjọba kà nínú ẹ̀. Tí ọ̀dá bá jó koríko tiẹ̀ nìkan, ìwé yẹn ò mọ̀, torí iye káàkiri ni wọ́n ń wò.

Ọmọ àbúrò ẹ̀ ò tiẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Ní 2022 mílíìkì lówó lórí dáadáa, díẹ̀ bíńtín ló rí gbà, ló bá ní kí lòun ń dà lówó sí. Ó ti ta gbogbo màlúù ẹ̀ báyìí, ọkọ̀ ẹrù ló ń wà.

Nígbà tí òfin tuntun jáde ní 2025 pé láti 2026, mílíìkì tí àgbẹ̀ lè san sẹ́ǹtì 15 yẹn lé lórí á kúrò ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lọ́dún, á di mílíọ̀nù 6, mo sáré lọ kí Bàbá kú oríire. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní mílíọ̀nù 5 yẹn, màlúù bíi 200 ló ń fún un, tòun ò tiẹ̀ tó mílíọ̀nù 2, àwọn ọ̀gá ńlá ni kí n lọ kí. Ló bá ki bàtà òjò ẹ̀ bọ ẹsẹ̀, aago mẹ́rin ti lù, àsìkò àtifún mílíìkì ti tó.