Síìtì lẹ́dà inú V-boot bàbá mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Vaseline pa síìtì lẹ́dà mọ́. Benz V-boot 1991 tí bàbá mi gbé fún mi, lẹ́dà gidi ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe MB-Tex, rọ́bà tó jọ lẹ́dà yẹn o. Vaseline ni wọ́n ti ń fi pa á láti ọjọ́ yìí, ó ń dán lóòótọ́, àmọ́ ṣe ni eruku àti òógùn kàn ń lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹ̀gbẹ́ síìtì dẹ́rẹ́bà tá a máa ń fi ìdí họ tá a bá ń wọlé ti sán bíi gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni orí síìtì ẹ̀yìn, lábẹ́ gíláàsì. Ìdí ẹnì kan ò kàn án rí, síbẹ̀ ó le gbagidi bíi pọ̀nmọ́ gbígbẹ. Oòrùn Ìbàdàn ló ṣe é. Oòrùn ń pa lẹ́dà ju ìjókòó lọ, torí ẹ̀ ni mo ṣe ra ìbòjú gíláàsì kí n tó ra krímù kankan.

Ẹ kọ́kọ́ kán omi sí i. Tómi bá dúró bí omi orí ewé kókò, ọ̀dà orí awọ náà ṣì wà, tó bá fà á mu, ọ̀dà ti ṣí nìyẹn, ẹ rọra. Fífọ̀ ló ṣe pàtàkì jù, kì í ṣe Omo o, ọṣẹ ìfọṣọ le jù fún awọ. Ọṣẹ lẹ́dà ni mo lò, mo fi ìfófòó rẹ̀ sórí búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, mo rọra fọ̀ ọ́, mo fi aṣọ ọ̀rinrin nù ún, aṣọ yẹn dúdú bí aró, síìtì tí mo ti rò pé búráùn ni látọjọ́ yìí, àṣé àwọ̀ krímù ni! Inú mi dùn débi pé mo pe bàbá sí i lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo fi kọndíṣọ́nà díẹ̀, krímù tó ń mú lẹ́dà rọ̀, pa á, ó tó ogún ìṣẹ́jú kí n tó nù ún. Ẹ má lo àdí àgbọn, ó lè kan nínú ooru.

Krímù ò lè dí ibi tó ti sán ṣá. Bàbá kan tó ń rán síìtì ní Mọ́kọ́lá ní òun á dí i, òun á sì kùn ún, mo ní kó kọ́kọ́ dán an wò lára ègé awọ kan kí n rí i.