Ilẹ̀ Tó Kan: Ẹ Má Tíì Ra Yùríà

Bí àgbàdo bá ga dé orúnkún tó wá dúró, tí etí ewé rẹ̀ ń ṣe bí ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò, ohun tó kọ́kọ́ ń sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni kí á da yùríà, ajílẹ̀ nítírójìn, sí i. Ẹ fa ọ̀kan tu ná. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá kúrú, tó ki, tí kò ní irun wẹ́wẹ́ lára, kì í ṣe ebi nìkan ló ń pa á. Ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ ti kan, ìyẹn ni pé ásíìdì ti pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Yanrìn pọ̀ nínú ilẹ̀ wa níhà Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́. Òjò ń fọ kálísíọ̀mù rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ìkórè ń kó nínú èyí tó kù, yùríà tí a ń dà sí i lọ́dọọdún náà sì ń mú un kan sí i. Tí pH, ìyẹn òṣùwọ̀n kíkan ilẹ̀ (bó bá ṣe kéré tó ni ilẹ̀ ṣe kan tó), bá ti wálẹ̀ ju 5.5 lọ, alumíníọ̀mù á yọ́ sínú omi ilẹ̀, á máa ba gbòǹgbò jẹ́. Òun àti irin á tún gbá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, tó jẹ́ oúnjẹ irúgbìn, mú. Ajílẹ̀ NPK tí ẹ rà lówó gọbọi wà nínú ilẹ̀ lóòótọ́, àgbàdo ni kò rí i jẹ.

Ẹ má fojú díwọ̀n èyí o. Ẹ bu ilẹ̀ níbi 15 sí 20 káàkiri oko, kí ó jìn tó íńṣì 6, ẹ pò ó pọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke tó mọ́. Ẹ yẹra fún ìdí ọ̀gán, ààtàn àti ibi tí wọ́n ti dáná rí, torí wọn á tan yín jẹ. Ẹ sá a níbòòji, kí ẹ gbé ìdajì kílò lọ sí ibi àyẹ̀wò ilẹ̀. Ẹ lè béèrè ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Bí pH bá wà ní nǹkan bí 5, òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ kúnná ni oògùn rẹ̀: kílò 400 fún éékà kan, ìyẹn àpò oníkílò 50 mẹ́jọ, máa ń tó fún ilẹ̀ oníyanrìn. Ẹ ṣọ́ra lọ́jà o, púpọ̀ nínú ẹfun tí wọ́n ń tà jẹ́ amọ̀ funfun lásán. Ẹ ta ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọtí kíkan sí i: bí kò bá hó, kò lè ṣiṣẹ́ yìí. Eérú ilé búrẹ́dì àti ti ibi tí wọ́n ti ń dín gàrí náà dára, àmọ́ kò lágbára tó ẹfun, nítorí náà ẹ lò ó ní ìlọ́po méjì. Kí ó jẹ́ eérú gbígbẹ. Èyí tí òjò ti pa, pọ́táṣíọ̀mù rẹ̀ ti ṣàn lọ.

Ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rin ilẹ̀ ni kí ẹ fọ́n ọn, kí ẹ ro ó wọnú ilẹ̀, torí ẹfun kì í ṣiṣẹ́ nínú ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó gbìn. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tútù tàbí yùríà: òórùn tó ń ta yín nímú nígbà náà, nítírójìn tí ẹ fowó rà ló ń fò lọ.

Ìgbẹ́ adìyẹ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Oúnjẹ adìyẹ tó ń yé ẹyin ní òkúta ẹfun nínú, ó sì ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, nítorí náà ó ń bọ́ ilẹ̀, ó sì ń rọ kíkan rẹ̀ lójú. Ti adìyẹ ẹlẹ́ran kò tó o níbẹ̀. Ẹ kó o jọ, kí ẹ bò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ooru rẹ̀ rọlẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á jó irúgbìn. Tọ́ọ̀nù 2, ìyẹn bí àpò 40, fún éékà kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú gbígbìn. Ẹni tí kò rí i tó, kí ó gé koríko ńlá olódòdó aláwọ̀ ìyeyè tó bo ẹ̀bá títì, èyí tí wọ́n ń pè ní tithonia, kí ó tó so èso, kí ó rì í mọ́lẹ̀. Ewé rẹ̀ lọ́ràá gan-an.

Lẹ́yìn èyí, ajílẹ̀ àpò ò ní pọ̀ mọ́. Àpò NPK 15-15-15 kan fún éékà ní ọjọ́ 10 sí 14 lẹ́yìn gbígbìn, ìdajì àpò yùríà ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo, ẹ da ajílẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ bò ó. Yùríà tí wọ́n fọ́n sórí ilẹ̀ lásán, afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ẹ́.

Ẹ má ṣe àṣejù pẹ̀lú ẹfun. Tí pH bá kọjá 6.5, síńkì tí àgbàdo nílò á há sínú ilẹ̀, ẹ ó sì rí ìlà funfun nídìí ewé tuntun àgbàdo. Gbágùúdá ní tirẹ̀ ń fara da kíkan, ẹ má náwó ẹfun lé e lórí. Lọ́dún tó bá tẹ̀lé e, ẹ gbin ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà síbẹ̀, kí ẹ fi ewé wọn sílẹ̀ lóko. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ẹ tún bu ilẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó ra ẹfun mìíràn.