Ibi gbígbóná, ibi tútù: bí mo ṣe tún ilé ejò mi ṣe lásìkò ọyẹ́

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù December tó kọjá, ọyẹ́ ti bo Àkúrẹ́ pátápátá, mo ṣí ike tí ejò mi ń gbé, ni mo bá rí ọmọ eku tí mo fún un jẹ lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn nílẹ̀, ó ti bì í, odindi ni, irun ara rẹ̀ ti ń bọ́, òórùn yẹn ò ṣeé fà símú. Ejò náà ká jọ sí kọ̀rọ̀, mo fọwọ́ kàn án, ó tutù bí omi inú àmù. Ọkàn mi bàjẹ́ gidi gan-an.

Òjòlá kékeré ni o, èyí tí wọ́n ń pè ní ball python, torí tí ẹ̀rù bá ti bà á á ká ara rẹ̀ jọ rúgúdú bíi bọ́ọ̀lù, á wá fi orí pamọ́ sáàárín. Kò ní oró rárá. Ọmọ ilẹ̀ wa sì ni, láti Senegal títí dé Uganda ló ti wà, inú ihò òkété ló sábà máa ń sùn. Ìyẹn ni mo ṣe rò pé kò ní wàhálà, mo ní ṣebí ibí náà ni wọ́n bí i sí, kí ló tún fẹ́ fi ooru ṣe? Àṣìṣe ńlá ni. Inú ihò ò tutù bíi inú yàrá onísímẹ́ńtì lóru ọyẹ́, tẹ̀mómítà mi ka 21 dígírì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ara ejò ò sì ń mú ooru jáde bíi tiwa, ibi tó bá sùn sí ló ti ń gbà á, tí ooru ò bá tó, oúnjẹ ò ní dà nínú rẹ̀, á máa rà síbẹ̀ ni, á wá bì í.

Kì í ṣe pé mi ò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀ o. Gúlóòbù 60 watt ni mo fi kọ́ sókè ike náà. Tí iná bá wà, gbogbo inú ibẹ̀ á gbóná, kò níbi tó máa sá sí, tí wọ́n bá ti mú iná lọ báyìí, gbogbo ẹ̀ á tutù.

Ẹ̀gbọ́n kan wà lápá Ọjà Ọba tó ń kan ẹ̀rọ tó ń pa ẹyin adìyẹ, òun ni mo sáré lọ bá. Ó ní, "Ìwọ ò tiẹ̀ mọ bó ṣe gbóná tó níbi tí ikùn rẹ̀ wà, o kàn ń tan iná sí i ni." Òótọ́ ni. Ó fún mi ní thermostat STC-1000 tí òun náà ń lò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tan iná tó sì ń pa á fúnra rẹ̀ tí ooru bá ti tó, ó ní wáyà tó gùn tí orí rẹ̀ ń mọ ooru. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí n fi fáànù kékeré sínú rẹ̀ kí ooru lè káàkiri dọ́gba, ibẹ̀ ni mo ti ní rárá ẹ̀gbọ́n, ẹyin ò lè rìn, ejò lè rìn. Ẹyin ń fẹ́ 37.5 lójú kan náà, ejò ní tiẹ̀ fẹ́ kó lè lọ síbi gbígbóná, kó tún lè kúrò níbẹ̀ nígbà tó bá tó o.

Bí mo ṣe wá ṣe é rèé. Mo ra heat mat, ìyẹn ẹní pẹlẹbẹ tó ń fi iná mànàmáná gbóná, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ ike, ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló gbà. Orí wáyà thermostat wà láàárín mat àti ìdí ike, mo fi tépù lẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ má fi sínú ike o, torí tí ejò bá tì í kúrò tàbí tí omi dà sí i, thermostat á rò pé ó tutù, á máa gbé iná sí i ṣáá, ejò lè sùn síbẹ̀ títí ikùn rẹ̀ á fi jó. Mo wá fi tẹ̀mómítà mìíràn sínú, sórí ilẹ̀ gan-an, mo ń yí nọ́ńbà orí thermostat díẹ̀díẹ̀ títí apá gbígbóná fi dúró sí 32, apá kejì 26. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe ìyẹn, ejò ò sí nínú rẹ̀.

Ibi ìfarapamọ́ méjì, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ apá tútù nìkan ló ti lè sá pamọ́, ibẹ̀ ló máa jókòó sí, ìpamọ́ ṣe pàtàkì sí i ju ooru lọ. Àpáàdì ńlá ni mo dojú ẹ̀ dé sápá gbígbóná, ààbọ̀ igbá tí mo gé ẹnu sí lápá kejì.

Màmá onílé wa ní kí n gbé ìkòkò èédú sí yàrá bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ adìyẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì ṣàlàyé fún wọn pé èédú nínú yàrá tí a tì pa lè pa ènìyàn lójú oorun. Mat yẹn ò ju 15 watt lọ, bátìrì sólà kékeré mi ń gbé e di àárọ̀. Tí bátìrì bá kú, màá gbé ike sínú kúlà, màá fi ìgò omi gbígbóná méjì tí mo fi táwẹ́ẹ̀lì wé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Mo fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko láìfún un lóúnjẹ, kí inú rẹ̀ lè san. Lẹ́yìn náà mo fún un ní eku tó kéré sí ti àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kàn án rárá. Abẹ́ àpáàdì ló wà lálẹ́ ọjọ́ náà àti ọjọ́ kejì, ikùn rẹ̀ rí kókó láàárín. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin mo tan tọ́ọ̀ṣì díẹ̀, kókó yẹn ti lọ, ó ti rìn lọ sábẹ́ igbá.