Ìjì Ká Páànù Ilé Iṣẹ́ Lọ: Owó Iṣẹ́ Wa Ńkọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ènìyàn, bí ìjì tàbí omíyalé bá dá iṣẹ́ dúró, ẹ má ṣe jókòó sílé kí ẹ máa retí ìpè ọ̀gá. Ẹ jí lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ kọ orúkọ yín sínú rẹ́jísítà, bí páànù kan kò tilẹ̀ sí lórí ilé mọ́. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìmọ̀.

Ilé búrẹ́dì kan ní ọ̀nà Ìlọrin, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ni mo ti ṣiṣẹ́. Gbogbo wa la mọ bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe máa ń rí ní oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ọdún: ooru á mú títí, ìjì á wá fẹ́ kí òjò tó dé. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ìjì ká páànù orí ààrò, ó wó òpó iná sójú títì, òjò sì pa àwọn àpò fúláwà. Fúláwà náà po, ó lẹ̀ mọ́ inú àpò, ó sì ti ń kan kí oòrùn tó là dáadáa.

Ọ̀gá wa kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó dúró sí àárín ilé, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ Ọlọ́run nìyí. Ẹ máa lọ sílé, bí mo bá ti tún un ṣe, màá ránṣẹ́ pè yín." Àwọn kan lọ sílé lóòótọ́. Àwa kan ń lọ, a ń bọ̀, nítorí wọ́n ní ká wá bá wọn palẹ̀ mọ́. Àwọn obìnrin inú wa kó agolo búrẹ́dì sí oòrùn, wọ́n ń ha ìpẹtà tó ti mú un, wọ́n ń fi òróró nù ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọkùnrin ń kó páànù tó fọ́n ká. Ọ̀sẹ̀ méjì ni iṣẹ́ fi dúró. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n yọ gbogbo ọjọ́ yẹn kúrò nínú owó wa, wọ́n tún pín owó fúláwà tó bàjẹ́ sórí àwọn tó ti ilé ní alẹ́ ìjì.

Bàbá díákónì kan ní ìjọ wa, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ló mú ìwé òfin jáde fún wa. Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ni, èyí tó ti wà láti 1971, tó sì wà nínú àkójọ òfin ti 2004. Abala 17 rẹ̀ sọ pé lójoojúmọ́ tí òṣìṣẹ́ bá yọjú síbi iṣẹ́, tí ara rẹ̀ sì le tó láti ṣiṣẹ́, yàtọ̀ sí ọjọ́ ìsinmi àti ọlidé, kí ọ̀gá fún un níṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ká. Bí kò bá rí iṣẹ́ fún un, kó san owó ọjọ́ náà bí ẹni pé ó ṣe é. Bó bá jẹ́ pé ohun tó kọjá agbára ọ̀gá ló dá iṣẹ́ dúró, owó ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ló di dandan. Ṣùgbọ́n àǹfààní tí òfin ṣe fún ọ̀gá yìí kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, àfi bí lébọ̀ ọ́físà, ìyẹn aṣojú ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, bá fún un láyè sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní owó oṣù yín jẹ́ 78,000 náírà fún ọjọ́ 26, ọjọ́ kan jẹ́ 3,000. Ìjì jà lóru Sọ́ńdè, iṣẹ́ sì dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Owó Mọ́ńdè jẹ́ tiyín. Láti Túsìdeè dé Sátidé, òfin kò fi dandan mú ọ̀gá. Tó bá wá di ọ̀sẹ̀ kejì, tí lébọ̀ ọ́físà kò sì fọwọ́ sí i, ọjọ́ mẹ́fà tí ẹ bá yọjú jẹ́ 18,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 21,000 náírà. Ìyẹn kì í ṣe owó tí ẹni tó ń sanwó ilé ìwé ọmọ ń fi sílẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sílé ní gbogbo ọjọ́ yẹn, kí ni yóò fi hàn pé òun yọjú? Ìdí rẹ̀ rèé tí mo fi ń pariwo rẹ́jísítà. Bí wọ́n bá kó rẹ́jísítà pamọ́, ẹ ya fọ́tò ara yín níwájú ilé iṣẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá lórí WhatsApp pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́: "Ẹ káàárọ̀ sà, mo ti dé o."

Ti àwọn tó ń ha agolo yàtọ̀ pátápátá. Iṣẹ́ ni wọ́n ṣe! Inú máa ń bí mi tí wọ́n bá ní ẹni tó gbá ilẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ kò ṣe nǹkan kan torí pé búrẹ́dì kò jáde. Owó ọjọ́ wọn pé.

Ní ti fúláwà, abala 5 kò gba ọ̀gá láyè láti máa bu owó òṣìṣẹ́ bó ṣe wù ú. Àfi bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tó ṣàìbìkítà, lébọ̀ ọ́físà sì gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé ṣáájú pé òun gbà. Ta ló mọ̀ọ́mọ̀ pe ìjì?

Ìyá tó dàgbà jù nínú wa ló ṣáájú wa lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àdánù, sà. Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò. Ọ̀rọ̀ owó wa la bá wá, ẹ jọ̀ọ́, a ò bá tìjà wá." Lẹ́yìn náà ló tó mú ìwé náà jáde. Ọ̀gá dá owó fúláwà padà, ó san ti àwọn tó palẹ̀ mọ́ àti ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó jiyàn gan-an lórí ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, títí bàbá díákónì fi wá bá a jókòó. Díẹ̀díẹ̀ ló san án.

Bí ọ̀gá tiyín bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ gba ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lọ ní Ìbàdàn. Ilé Ẹjọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ náà ń jókòó níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ kò ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́: òfin yìí gba àdéhùn ẹnu náà. Ṣùgbọ́n kò kan máníjà àti àwọn oníṣẹ́ ọ̀mọ̀wé, lẹ́tà tiwọn ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Bákan náà, tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín bá ti bá ọ̀gá ṣe àdéhùn mìíràn lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ni wọn yóò tẹ̀ lé. Tí ẹ bá ń lọ sí Ìbàdàn, ẹ mú álẹ́ẹ̀tì báńkì tó fi iye tí ẹ ń gbà tẹ́lẹ̀ hàn dání, àti fọ́tò rẹ́jísítà, kí ẹ sì lọ pọ̀.