Bíréèkì Tó Gbé Mi Dé Ọ̀dọ̀ Àna Mi

Àwa tá a máa ń fi kọ̀ǹpútà sáré ìje ọkọ̀, kò sí ohun tẹ́ ẹ fi bú wa tá ò ní gbà. Ẹ ṣáà má fẹnu kan bíréèkì wa.

Sítíárìn géèmù tí mo kọ́kọ́ rà, bíréèkì tó bá a wá rọ̀ débi pé ọmọ ọwọ́ lè tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀. Sípíríǹgì lásán ló wà nídìí rẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ bá rìn dé nìkan sì ni kọ̀ǹpútà ń wò. Ẹsẹ̀ rìn dé ìdajì, ó di ìdajì bíréèkì. Ìyẹn ò sì ṣeé fi sáré, torí ẹsẹ̀ ọmọ èèyàn kì í rántí ibi tó rìn dé. Agbára tó fi tẹ nǹkan ló máa ń rántí. Ta ló ń wa ọkọ̀ lójú títì tó ń rò ó pé òun á tẹ bíréèkì wọlé ní ìwọ̀n ìka méjì? A kàn ń tẹ̀ ẹ́ títí ọkọ̀ á fi gbọ́rọ̀ ni.

Ni mo bá lọ kó owó lé èyí tí wọ́n ń pè ní load cell. Ìyẹn ò bá ẹ rojọ́ ibi tí ẹsẹ̀ ẹ rìn dé. Agbára tó o fi tẹ̀ ẹ́ ló ń wọ̀n. Rọ́bà líle ló wà nídìí rẹ̀, pẹ́dàlì náà kì í fẹ́ kúrò lójú kan rárá. Bí tàwọn ọkọ̀ ìje gidi náà ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọkọ̀ tí à ń gbé relé ní ẹ̀rọ kan tó ń bá ẹsẹ̀ wa ti bíréèkì. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ ó rí i bó ṣe máa le gbagidi. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìje ni kò ní olùrànlọ́wọ́ yẹn. Àwọn awakọ̀ Formula 1 máa ń fi agbára tó ju 100 kg lọ tẹ tiwọn. Èmi rọra ṣe tèmi kó jẹ́ pé 60 kg ni bíréèkì á kún, kí ayé má baà ní mo gbéra ga. Àpò sìmẹ́ńtì kan ṣáà jẹ́ 50 kg. Ẹ wá wò ó pé ẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ti ìyẹn, pẹ̀lú ènì lórí, ní gbogbo kọ́nà.

Ohun tí wọn ò kọ sára páálí rẹ̀ ni pé bí ẹsẹ̀ ṣe ń ti pẹ́dàlì síwájú, bẹ́ẹ̀ ni pẹ́dàlì ń ti ìdí ẹni sẹ́yìn. Mo ti kan pẹ́dàlì mọ́ pákó, mo sì ti fi pákó ti ògiri, kò ríbi lọ. Àga tí mo jókòó lé ńkọ́? Àga ọ́fíìsì, táyà márùn-ún nídìí. Ilẹ̀ pálọ̀ wa ní Leeds níbí sì jẹ́ pákó tó ń dán, tí ìyàwó mi ń nù láràárọ̀ torí pé ìyá rẹ̀ wá láti Ìbàdàn wá wẹ ìkókó.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, Màmá jókòó sídìí tábìlì lẹ́yìn mi, wọ́n gbé ẹ̀wà sórí ìgbá, wọ́n ń ṣà á. Wọ́n gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń hó.

"Bàbá Tiwa, ẹ rọra o."

"Ẹ má ṣèyọnu, Màmá."

Monza ni mo wà nínú géèmù, pápá ìje ọkọ̀ kan ní ilẹ̀ Ítálì. Títì iwájú àwọn òǹwòran níbẹ̀ gùn gbọọrọ, èèyàn á na ẹsẹ̀ sórí tọ́tù, á gbàgbé gbèsè. Ọkọ̀ ìje irú GT3 tí mò ń wà á ti lé ní 250 kìlómítà ní wákàtí kan kí kọ́nà tí wọ́n ń pè ní Variante del Rettifilo tó yọ síni: ọ̀tún, òsì, lórí jíà kejì. Ẹni tí kò bá tẹ bíréèkì gidi níbẹ̀, kó máa dágbére.

Pátákó tó ń sọ ibi tá a ti máa tẹ bíréèkì yọ. Mo gbé ẹsẹ̀ òsì, mo fi gbogbo ohun tí Ọlọ́run fún mi tẹ bíréèkì.

Bíréèkì ò mira. Èmi ni mo mira.

Sítíárìn já gbà lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ mi gba iwájú lọ, èmi gba ẹ̀yìn lọ, bá a ṣe pínyà nìyẹn. Mò ń wo ojú kọ̀ǹpútà bó ṣe ń kéré sí i, mò ń wá ohun tí mo lè dì mú, afẹ́fẹ́ lásán ni. Táyà àga fi etí kápẹ́ẹ̀tì kọ́, àga yí, ó sì dà mí sílẹ̀. Gbàà! Mo na gbalaja, àyà nílẹ̀, orí sí iwájú, lẹ́sẹ̀ àna mi gan-an. Ìgbá dojú dé. Ẹ̀wà fọ́n ká gbogbo pálọ̀.

Màmá fi ọwọ́ kan èjìká mi pẹ̀lẹ́.

"Ẹ dìde, ọkọ ọmọ mi. Ti àárọ̀ yẹn ti tó."

Ìyàwó mi sáré yọ láti kíṣìnnì, ìkókó léjìká. "Mọ́mì, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọkọ ẹ ń kí mi ni."

Èmi kúkú mọ oògùn ẹ̀. Àwọn tá a jọ ń ṣe géèmù yìí máa ń ki táyà àga bọnú bàtà àtijọ́, bàtà á gbá ilẹ̀ mú, àga ò ní lè lọ mọ́. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Bàtà méjì-méjì ni wọ́n sì ń tà wọ́n, táyà àga sì jẹ́ márùn-ún. Mo rí mẹ́rin nínú tèmi, mo na ọwọ́ sẹ́nu ọ̀nà, mo fa ẹyọ kan sí i láìtan iná.

Lọ́jọ́ Sunday, aṣọ ti wọ̀, gèlè ti dúró, Màmá ń wá bàtà ọ̀tún. A gbé àga ìjókòó. A wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tiwa, ọmọ ọdún mẹ́rin, ló na ìka sábẹ́ àga mi, ọmọ tí mo bí nínú ara mi. Bàtà ti pẹlẹbẹ.

Màmá wo bàtà, wọ́n wo àga, wọ́n wo pẹ́dàlì. "Torí bíréèkì? Ẹ bọ́ síbí, ẹ jẹ́ n wò ó."

Mo fẹ́ sọ fún wọn pé ó le, mo rántí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Olùkọ́ ni wọ́n n'Ìbàdàn láyé ijọ́un, mọ́tò ìjàpá ni wọ́n ń wà, èyí tí Volkswagen ń tò nígbà náà ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó. Ìjàpá ò ní ẹ̀rọ kankan tó ń báni ti bíréèkì. Ẹni tó bá fi sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Màpó wá sí Bẹẹrẹ lọ́jọ́ ọjà, pẹ̀lú elérù níwájú àti elérù lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Màmá ká ìró, wọ́n bọ́ bàtà tó kù, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìlà pupa tó ń fi bíréèkì hàn sọ dé òkè pátá, 100%. Àga ò mira. Nígbà tí wọ́n sì dé kọ́nà, ṣe ni wọ́n ń rọra gbé ẹsẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yí sítíárìn, ohun tí mo ti ń fi fídíò kọ́ láti ọjọ́ yìí tí kò wọlé sí mi lára.

"Èyí náà lẹ ń pè ní líle?"

Wọn ò sáré ṣá. Àwọn tó kù ń kọjá lára wọn fìì, fìì. Ọ̀kan já níwájú wọn bí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé, Màmá bá ń fi ọwọ́ lu àárín sítíárìn.

"Bàbá Tiwa, fèrè dà?"

"Màmá, ọkọ̀ ìje kì í ní fèrè."

Wọ́n yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì, wọ́n kọjú sí mi. "Báwo wá ni wọ́n ṣe ń bú ara wọn?"